Bí Látúnjí Àkàngbé Ṣe Fi Eyín Kékeré Ṣẹ́gun Òkè Sọ̀kalẹ̀

Kí ẹni tó ń jẹun gbé òkèlè dúró ná. Kí ẹni tó ń sùn dìde jókòó. Kí ẹni tí ọ̀bọ ń jẹ àgbàdo rẹ̀ lóko jẹ́ kí ọ̀bọ jẹun yó lónìí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí à ń fi etí kan gbọ́. Èmi Sùnmọ́nù Àjàdí, tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ páànù kan náà ní Àgọ́-Òkè láti ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn, ni mo fẹ́ ki akọni kan fún yín. Àwọn baba yín ki ẹni tó pa ẹkùn, wọ́n ki ẹni tó kó ìlú, wọ́n ki ẹni tó lọ sógun tó kó ẹrú àti ẹṣin bọ̀. Kí lẹ fẹ́ kí èmi ṣe? Ẹni tí ayé bá fún wa là ń ki, ẹni tí ayé sì fún mi ni Látúnjí Àkàngbé.

Látúnjí o! Àkàngbé ọmọ Alámù, Alámù ọmọ Láyíwọlá! Ọmọ ẹlẹ́ṣin irin tí í fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin rẹ̀! Ọmọ a-ní-kẹ̀kẹ́-jẹ-bàtà-tán! Ọmọ a-kó-sínú-aró-jáde-bí-aṣọ-ẹtù! Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń parọ́ mọ́ ìdílé yìí, kí ó béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà èyíkéyìí tó bá bá pàdé ní Àgọ́-Òkè.

Láyíwọlá, baba baba rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ wọ ìlú yìí, lọ́dún tí tábà mówó wá. Gbogbo ìlú jáde wò ó. Ṣùgbọ́n akíkanjú baba náà kò gun kẹ̀kẹ́ ọ̀hún rí títí ọlọ́jọ́ fi dé, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ó ń tì í lọ sóko láàárọ̀, ó ń tì í bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó so iṣu mẹ́fà mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fi akèrègbè kọ́ ọn níwájú, ó sì bá a rìn bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, títí táyà kẹ̀kẹ́ fi jẹ tán tí bàtà òun náà fi jẹ tán. Ìgbà náà ni ìlú sọ ilé wọn ní Ilé Atikẹ̀kẹ́. Orúkọ náà kò sì kúrò lára wọn mọ́.

Alámù ọmọ rẹ̀ ní tòun yóò gùn ún. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà dé orí Òkè Sọ̀kalẹ̀, ó jókòó lé e, ó ní kí gbogbo ayé máa wo òun, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Bíréèkì kò sí. Ó gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá, ó la àárín àwọn àgbà tó ń tayò kọjá, kò sì dúró títí ó fi wọ inú ìkòkò aró tó tóbi jù lọ nínú agbo aláró tó wà nísàlẹ̀ òkè. Odindi ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni àwọ̀ rẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti ọmọ èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn akọni méjì wọ̀nyí ló pàdé lára Látúnjí, ẹ ò rí i pé ogún ńlá ni!

Látúnjí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Akọ̀wé ìjọba ni kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń pè é ní ọ̀gá láàárọ̀, wọ́n ń bá a gbé báàgì nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì ni báàgì náà di tirẹ̀ láti máa gbé. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí èèyàn fi ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni oyè tí Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Àgọ́-Òkè fi í jẹ, ìyẹn oyè Balógun Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin mẹ́tàdínlógún ni ẹgbẹ́ náà, gbogbo wọn ló ti tó bí ọmọ, gbogbo wọn ló sì ń wọ ṣòkòtò pénpé tó lẹ̀ mọ́ itan lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jẹ́ kí n má sọ̀rọ̀ ṣòkòtò náà jìnnà. Bí Látúnjí bá ń lọ lójú títì, tí ẹnì kan sì wí pé, “Balógun, ẹ kú ìrìn o,” ẹ wo bí àyà rẹ̀ yóò ṣe yọ síwájú, tí ọrùn rẹ̀ yóò gùn sí i. Ẹni tó bá gba oyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba gbogbo ohun tó kù fún un nílé ayé.

Òkè Sọ̀kalẹ̀ ló fẹ́ gbà á. Òkè náà bẹ̀rẹ̀ létí odò, ó yí ní kọ́nà mẹ́ta, ó sì parí síwájú gbọ̀ngàn ìlú. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ojú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Àwọn baba wa kò fi orúkọ rẹ̀ ṣeré. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́dọọdún, ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ ìlú, ẹgbẹ́ a máa gùn ún. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni Balógun wa fi gùn ún, ọdún mẹ́fà náà ló sì dé kọ́nà kejì tó sọ̀ kalẹ̀, tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, tó sì ń tì í bí baba baba rẹ̀ ṣe tì í.

Lọ́dún yìí, Oyèwùsì dìde nípàdé. Oyèwùsì yìí ń ta sìmẹ́ǹtì, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ lékeléke, ó ti gun òkè náà lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀, ojú oyè náà sì ń pọ́n ọn.

“Ẹ̀yin ará,” ni ó wí, “Balógun tó ń ti ẹṣin rẹ̀ gun òkè, ta ni Balógun nínú àwọn méjèèjì, ẹṣin ni àbí òun?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì fẹnu kò pé bí ẹsẹ̀ Látúnjí bá tún kanlẹ̀ lọ́dún yìí, kó kó oyè sílẹ̀ fún Oyèwùsì. Èmi tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ṣe adájọ́, nítorí mo mọ kẹ̀kẹ́, n kì í sì í ṣojúsàájú ẹnikẹ́ni. Látúnjí ní kẹ̀kẹ́ òun ló le jù fún òkè. Kẹ̀kẹ́ tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ni, èyí tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà eléruku, tí táyà rẹ̀ gbòòrò. Mo dá a lóhùn níwájú gbogbo wọn pé kò sí ohun tó ṣe kẹ̀kẹ́, ìdí tó jókòó lé e ló wúwo. Ẹ̀rín ọjọ́ náà kò tán bọ̀rọ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Látúnjí gba ọ̀rọ̀ sọ díẹ̀. Ẹni tí kò mọ kẹ̀kẹ́, kó gbọ́. Àwo eléyín kan wà níwájú, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yí pẹ́dàlì, òun ló ń fa ṣéènì. Bí eyín rẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni kẹ̀kẹ́ ṣe ń sáré tó lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń le tó lórí òkè. Bí eyín bá kéré, ẹsẹ̀ á fúyẹ́, kẹ̀kẹ́ á sì máa rìn bí ìyàwó tuntun. Àwo kan ṣoṣo ló wà níwájú kẹ̀kẹ́ Látúnjí, eyín méjìlélógójì ló sì ní. Ó wá pinnu láti yọ ọ́, kó fi àwo kéékèèké méjì rọ́pò rẹ̀, ọ̀kan eyín mẹ́rìndínlógójì, èkejì eyín méjìlélógún, kó sì de irin tó ń ti ṣéènì láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì mọ́ ọn. Iṣẹ́ wákàtí kan àbọ̀ ni lọ́wọ́ mi. Iwájú ilé rẹ̀ gan-an sì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, títì nìkan ló là wá láàrin. Ṣùgbọ́n akọni kì í bẹ̀ ọ̀wẹ̀ ogun. Ó ní òun yóò wò ó nínú fóònù, òun yóò sì ṣe é fúnra òun.

Ogun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́rú. Gbogbo ẹ̀yin jagunjagun àtijọ́ tí ẹ fi ọdún márùn-ún dó ti ìlú, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ọkùnrin! Látúnjí jáde, ó wọ ṣòkòtò tó fi ń dáko, ó kó sípánà mẹ́rin sílẹ̀ bí ẹni kó ọfà, ó sì gbé fóònù ti òkúta, níbi tí òyìnbó kan ti ń ṣàlàyé. Kò gbọ́ ohun tí òyìnbó ń wí, torí ẹ̀rọ ìlọta ilé kejì ń ké. Nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹ́dàlì. Gbogbo síkúrù tí ẹ mọ̀ láyé, apá òsì là ń yí i sí kó tó tú, àmọ́ pẹ́dàlì ti ẹsẹ̀ òsì kò rí bẹ́ẹ̀, apá ọ̀tún lòun ń tú sí. Akọni wa kò mọ̀. Láti aago mẹ́wàá títí oòrùn fi kàn án lórí, ó ń yí i sápá òsì, bó sì ṣe ń yí i ló ń fún un le sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Ó fi ẹsẹ̀ kan gùn ún. Nígbà tó yá, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò lé orí sípánà, sípánà yẹ̀, Balógun ṣubú sórí ata tí Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sá sóòrùn, ọwọ́ rẹ̀ bó, ata sì wọ ojú egbò. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, adìyẹ mi kò yé ẹyin fún ọjọ́ méjì.

Mo mọ apá tí pẹ́dàlì ń tú sí. Mo jókòó lábẹ́ páànù mi, mo ń wò ó, mo ń jẹ ẹ̀pà.

Bí ó ti dìde, inú bí i, ó ta sípánà náà ní ìpá láti òdìkejì, pẹ́dàlì sì tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ ò rí ìṣẹ́gun! Ó gbé pẹ́dàlì sókè, ó yí i po fún gbogbo ẹni tó ń kọjá láti rí. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ ìlọta dákẹ́, tí òyìnbó inú fóònù ráyè sọ pé kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti tú pẹ́dàlì rárá.

Lọ́jọ́bọ̀ ó de àwo tuntun méjèèjì, ó wá kan irin tó ń ti ṣéènì. Irin pẹlẹbẹ méjì tó kọjú síra wọn ni, ṣéènì ń gba àárín wọn kọjá, wáyà sì so ó mọ́ jíà tó wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́. Bí o bá fa wáyà, á ti ṣéènì sórí eyín ńlá. Bí o bá dẹ̀ ẹ́, á jẹ́ kó sọ̀ sórí eyín kékeré. Ó yẹ kí aláfo tó wà láàrin irin náà àti eyín ńlá má ju sísanra kọ́bọ̀ kan lọ. Látúnjí gbé e ga ní ìka mẹ́ta, bí ẹni fi fìlà kọ́ ìṣó. Ó rí i pé kò kan ṣéènì, ó rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ jù, eyín bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin, ariwo tó ń jáde níbẹ̀ á mú ẹni tí kò ní eyín payínkeke. Ṣéènì pàápàá ti gùn jù fún àwo kékeré, ó ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ bí ìfun lọ́wọ́ alápatà. Ó gé ẹyọ méjì kúrò. Ó wò ó. Ó gé méjì sí i. Ẹnu ya èmi fúnra mi pé kò gé e kú.

Àṣàkẹ́ tó ń bá a di kẹ̀kẹ́ mú ló sú jù. Mo gbọ́ tó wí pé, “Bàbá Bísọ́lá, ẹ kúkú gbé e lọ bá Bàbá Àjàdí níwájú ibí yìí. Kí ni ẹ ń fi ara yín wọ́lẹ̀ sí?”

“Ẹnu bàbá yẹn ni mò ń sá fún,” ni ó dá a lóhùn, “kì í ṣe ọwọ́ wọn.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. N kò ní parọ́ fún yín, ó dùn mí dé egungun. Mo da èèpo ẹ̀pà itan mi nù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbólóhùn tí n ó fi sìn ín lọ́jọ́ Sátidé nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kanlẹ̀. Mo ro èyí tó dára. Mo ro èyí tí wọn yóò máa sọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀.

Jímọ̀ dé, gbogbo nǹkan ti wà nípò, ṣùgbọ́n ṣéènì kò gbà. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sọ̀ sórí eyín kékeré ló ń fò ó kọjá, tó ń já bọ́ sáàrin àwo àti férémù. Mo kà á, ìgbà mẹ́tàlélógún ni. Ọ̀sán ń lọ. Akọni wa jókòó sílẹ̀, gírísì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tó ń wo aláìsàn. Ìyá kan ń kọjá, ó wí pé, “Balógun, ẹ kú iṣẹ́ o,” ó sì gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Òò, ẹ ṣeun, ìyá.” Bí ìyá náà ti kọjá ni ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì bí mi pé àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nígbà tó yá, ó sọdá títì wá sọ́dọ̀ mi. Ó kí mi. Ó ní oòrùn mú. Ó ní ó jọ pé òjò máa rọ̀. Ó wo páànù mi, ó wo irinṣẹ́ mi, kò sì béèrè nǹkan kan. Ní ilẹ̀ wa, bí agbéraga bá dúró síwájú rẹ tí kò lè bẹ̀ ọ́, tí ìwọ náà kò sì fẹ́ rẹ ara rẹ sílẹ̀ fún un, ẹran ọ̀sìn là ń bá sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń jẹ èèpo iṣu. Mo kọjú sí i.

“Ìwọ ewúrẹ́ yìí,” ni mo wí, “olórí kunkun ni ọ́, àmọ́ gbọ́. Síkúrù kékeré méjì ló wà lórí irin yẹn. Èyí tó wà lápá férémù ni kì í jẹ́ kí ṣéènì já bọ́ sínú. Yí i sápá ọ̀tún, ìlàjì péré. Bí o bá yí i jù, ṣéènì ò ní lè sọ̀ mọ́.”

Ewúrẹ́ wò mí. Látúnjí ń wo ojú ọ̀run.

“Bàbá Àjàdí,” ni ó wí, “ẹ kú bí ẹ ṣe ń bá ewúrẹ́ ṣeré o.”

Ó sì padà sílé. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ tí ṣéènì dún kì, tó bọ́ sórí eyín kékeré, ó sì jókòó síbẹ̀, kò já mọ́. Ó pariwo, “Mo ti ṣe é!” Ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ ló yẹ kó lọ dúpẹ́.

Sátidé mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ti lọ dúró sí kọ́nà kẹta, nítòsí ibi tí wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà funfun sílẹ̀. Èmi adájọ́ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú Látúnjí, nítorí ojú mi gbọ́dọ̀ wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó sì ṣí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìtàn ẹṣin tó sáré tí eruku bo oòrùn, ẹ wá gbọ́ tiwa. Ní kọ́nà kìn-ín-ní ó dẹ jíà, irin ti ṣéènì, ṣéènì sọ̀ sórí eyín méjìlélógún, kò sì já. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí kíákíá bí ẹ̀rọ ìlọta, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò sì yára ju ẹni tó ń ronú lọ. Èmi tí mo ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rin ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ń dúró dè é. Ìyá kan tó ru igi ìdáná bá wa, ó kí wa kú ìrìn, ó gbé ẹrù sọ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó gbé ẹrù padà, ó sì tún kọjá lára wa. Adìyẹ kan àti ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ la iwájú táyà rẹ̀ kọjá láìsáré. Òógùn ń ṣàn lójú Balógun. Ṣùgbọ́n a dé kọ́nà kejì, ibi tí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, kò sì sọ̀. Ó wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Mo wo ibòmíràn.

A yọ sí kọ́nà kẹta. Ó ku nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ sí ìlà funfun, níbi tí òkè ti ga jù. Ibẹ̀ ni mo ti rí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lábẹ́ agbòjò, tí Bàbá Àtàndá jókòó lé. Bàbá Àtàndá ni baba Àṣàkẹ́, baba ìyàwó Látúnjí. Wọ́n ti tó ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí wọn kò ti jáde kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Oyèwùsì ló fi ọkọ̀ rẹ̀ lọ gbé wọn wá láàárọ̀ pé kí wọ́n wá wo ọkọ ọmọ wọn. Ó dúró lẹ́yìn àga náà, ó di agbòjò mú fún wọn bí ọmọ rere, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àgbà náà kò mọ nǹkan kan. Wọ́n na ọwọ́ sókè, inú wọn ń dùn.

Kò sí ọmọ Àgọ́-Òkè tí kò mọ̀ pé a kì í kí àna lórí ìjókòó, kí á má tíì wá sọ ti orí kẹ̀kẹ́. Bí èèyàn bá rí àna rẹ̀ lójú ọ̀nà, tí ó bá ru ẹrù, yóò sọ ẹrù. Bí ó bá wọ aṣọ funfun nínú ẹrẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ náà. Bí Látúnjí bá sì sọ̀, oyè lọ, ó tún di ọmọ Atikẹ̀kẹ́. Bí kò bá sọ̀, oyè dúró, ó kàn fi ìdí kọ baba ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo ìlú ni. Mo rí i tó rí àgbà náà. Mo rí i tó rí ìlà funfun. Ojú rẹ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà.

Ó fún bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ gbì. Ó rọra tẹ́ kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta wẹ́wẹ́, àyà, ikùn àti orúnkún.

“Ó kanlẹ̀!” ni Oyèwùsì ké. “Ẹsẹ̀ kanlẹ̀ o! Gbogbo yín rí i!”

Bàbá Àtàndá wo ọkọ ọmọ wọn. “Látúnjí, wọ́n ní o fẹ́ gun òkè ni, mo wá wò ọ́. Kí ló dé tí o sọ̀ kalẹ̀?”

“Ṣé kí n wá kí yín lórí kẹ̀kẹ́ ni, Bàbá?”

Àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un, àdúrà àwọn àgbà sì gùn. Wọ́n dárúkọ ilé, wọ́n dárúkọ ọ̀nà, wọ́n dárúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, Látúnjí sì ń ṣe àmín nínú eruku. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí wọ́n parí, ó dìde, òkúta wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ nílẹ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀, nítorí ibí ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe ohun tí kò ṣe rí. Kò tíì sí ẹni tó dúró ní kọ́nà kẹta Òkè Sọ̀kalẹ̀ tó tún gun kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀. Òkè náà ga jù níbẹ̀. Bí o bá tẹ pẹ́dàlì, kẹ̀kẹ́ kò ní lọ, ìwọ lo máa ṣubú. Oyèwùsì pàápàá kò dán an wò rí. Látúnjí gbé ẹsẹ̀ kan sọdá kẹ̀kẹ́, ó tẹ pẹ́dàlì, eyín méjìlélógún di ṣéènì mú, kẹ̀kẹ́ mì lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí gìrì mú, ó sì gbéra. Ó ń lọ. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọn kò rán níṣẹ́, ẹsẹ̀ ń yí bìrìbìrì, ṣéènì ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́, ó sì la ìlà funfun kọjá.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Oyèwùsì ti ju agbòjò sílẹ̀, ó ti na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba oyè. Mo sì ní gbólóhùn kan lẹ́nu láti Ọjọ́bọ̀, tí mo ti lọ̀ kúnná, tí mo ti fi iyọ̀ sí. Mo wo Látúnjí. Ó ń fi ọwọ́ gbọn àyà rẹ̀, kò wò mí. Ó ti gbà pé oyè ti lọ. Mo gbé gbólóhùn mi mì, kò dùn lọ́nà ọ̀fun, mo sì gun orí òkúta kan.

“Ẹ̀yin ará Àgọ́-Òkè,” ni mo wí, “ẹ gbọ́ ìdájọ́ Sùnmọ́nù Àjàdí. Mo kéde pé láti ìgbà tí Ọlọ́run ti fi òkè yìí síbí, kò sí ẹ̀dá tó lọ́ra gùn ún tó Látúnjí Àkàngbé. Bí ìgbín bá bá a gbéra, ìgbín á ti dé, á ti sùn, á ti jí. Mo kéde pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ sípánà, pé ó fi odindi òwúrọ̀ bá pẹ́dàlì tí kò ṣẹ̀ ẹ́ jà, pé ó ṣubú sínú ata, àti pé ewúrẹ́ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Mo kéde pé ṣòkòtò rẹ̀ fún jù. Mo sì kéde pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Àyà rẹ̀ ló kanlẹ̀, níwájú àna rẹ̀, òfin yín kò sì sọ nǹkan kan nípa àyà. Òun ni Balógun Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, òun náà ni títí ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ gbé baba ìyàwó tirẹ̀ wá, kó gbé wọn jókòó síbí, kó gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú wọn láìsọ̀, kí gbogbo wa wò ó.”

Kò sẹ́ni tó lọ gbé àna rẹ̀ wá.